Kérésì Tí A Fi Àgékù Ìwé Ṣe

Ní Ṣómólú ayé ìgbà náà, etí la fi ń kọ́kọ́ mọ̀ pé Kérésì ti ń bọ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, kí àwọn ọmọ àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin bánńgà sẹ́yìn ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ti yí ohùn padà. Láti oṣù Kẹwàá ni iṣẹ́ ti ń ya wọlé: kàléńdà ṣọ́ọ̀ṣì, kàléńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú arúgbó, káàdì ìkíni ọdún. Bí Dìsẹ́ńbà bá fi máa wọlé, àwọn atẹ̀wé ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán mọ́. Tí ẹ bá gba òpópónà Bajulaiye kọjá lẹ́yìn ìrun alẹ́, tí ẹ yà sí Shipeolu, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti yàrá kan dé òmíràn, ẹ̀rọ Jámánì tí gbogbo wa mọ̀ sí Kord, tó ń gbé ìwé, tó ń sọ ìwé kalẹ̀. Òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ rólà á ti gba gbogbo ojúlé.

Kò sí ibi tí wọn ò ti mọ Ṣómólú mọ́ ìwé títẹ̀ ní Nàìjíríà. Bàrígà tó fara kàn án, ní tirẹ̀, àdúgbò ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ọdún 1859 ni wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó, ọdún yẹn kan náà sì ni míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde l'Abẹ́òkúta. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1959, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó wá sí Bàrígà. St. Finbarr's wá sí Àkọkà lẹ́yìn rẹ̀, Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 sì wà lọ́ọ̀ọ́kán létí ọ̀sà. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú tí mo bá rò ó pé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn àti ìwé ìròyìn jọ gbéra lọ́dún kan náà, tí ìwé títẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ sì tún wá ń ṣe aládùúgbò ara wọn, tí ọmọ iléèwé sì ń gba iwájú atẹ̀wé lọ sílé lójoojúmọ́.

Èmi kì í ṣe atẹ̀wé, èmi ò sì kọ́ àwọn ọmọ ńláńlá. Jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo wà ní ọmọge. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló sọ yàrá méjì nínú ọgbà ilé rẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́, ní apá ibi tí Bàrígà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlàjẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń kó fún wa. Ìyá tó ń yan ẹja létí omi ń gbé ọmọ rẹ̀ wá, awakọ̀ dánfó Onípàánù ń gbé tirẹ̀ wá, télọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìgbòbí, àti àwọn ìyàwó atẹ̀wé tí ọkọ wọn kò wálé sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, a ò sì bi ẹnikẹ́ni kí a tó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún 1984 ló ṣe kedere jù lójú mi. Àwọn sójà ti gbàjọba ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1983, nígbà tí ọdún kejì sì fi máa parí, ohunkóhun tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ ti di ọ̀wọ́n. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ ìfọṣọ, òróró: orí ìlà la ti ń rà wọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni wọ́n yí àwọ̀ náírà padà, tí owó tí àwọn kan tọ́jú sábẹ́ ẹní sì di ìwé lásán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun ọ̀ṣọ́ Kérésì tí wọ́n máa ń kó dé láti ìlú òyìnbó, ríbọ́ọ̀nù tó ń dán àti bọ́ọ̀lù aláwọ̀ wúrà, ẹni tó bá fẹ́ rà á á lọ sí ilé ìtajà Kingsway ní Marina tàbí UTC, á sì múra owó dání. Ní Kingsway ni Bàbá Kérésì ti máa ń jókòó nínú ihò rẹ̀, tí ọmọ á wọlé lọ gba ẹ̀bùn, tí wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀. Owó ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tiwa ò tíì sọdá afárá rí.

Ìyá àgbà wá pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Àǹtí, àwọn òbí máa wá wo eré ọmọ lọ́sẹ̀ tí a ó pa iléèwé dé. Ògiri yìí ò ṣe é fi hàn èèyàn báyìí. Ẹ bá mi wá nǹkan fi sí i." Mo bi wọ́n léèrè owó. Wọ́n ní owó kọ́ ni ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ń bẹ̀ mí.

Mo mú àpò ìrẹsì méjì, mo kọrí sí Shipeolu. Ilé ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tí ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wa, bàbá ọmọ náà sì jẹ́ ẹni tó lójú àánú. Mo bá a níbi tó ti ń fi ìka ṣẹ́ ìwé sọ́tọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú àìsùn."

"Àìsùn ló dé yìí, Àǹtí tíṣà. Ṣé ọmọ mi ò ṣe nǹkan kan?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà. Àgékù ìwé ni mo wá tọrọ, fún gbogbo wọn."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Àgékù? Èyí tí a fẹ́ dáná sun lẹ́yìnkùlé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dáná sun ún."

Ó mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé. Ẹni tí kò bá tíì dúró ti ẹ̀rọ yẹn rí kò mọ ohun tó ń sọnù ní Ṣómólú. Bí wọ́n bá tẹ káàdì tán, wọ́n á tò ó jọ gègèrè, irin abẹ á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí ìwé á já bọ́ sílẹ̀: ọ̀já ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn, tí ìbú gbogbo wọn dọ́gba. Pupa, àwọ̀ ewé, aláwọ̀ òféfèé, èyí tó ní góòlù díẹ̀ létí. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ yìí ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́. Ṣéènì ìwé, òrùka ìwé tó kọ́ ara wọn, ni mo fẹ́ kí a fi ṣe ògiri wa lọ́ṣọ̀ọ́, ohun tó sì le jù nínú rẹ̀ fún ọmọ kékeré ni gígé. Kò lè di àlùmọ́gàjí mú, tó bá sì dì í mú, ọkàn rẹ kò ní balẹ̀. Ẹ̀rọ Ṣómólú ti gé e fún un.

Oríṣi kejì ni ìwé ìdánwò. Kí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán tó wọ̀ lórí ara wọn, ìwé kan náà ni àwọn atẹ̀wé máa ń tún sọ sínú ẹ̀rọ léraléra, torí wọn ò fẹ́ fi ìwé tuntun ṣòfò. Ìwé bẹ́ẹ̀ á ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́ mẹ́fà méje sára. Ẹ ó rí ìyàwó tuntun, bíṣọ́ọ̀bù á gun orí gèlè rẹ̀, ọjọ́ inú oṣù Kẹta á tò kọjá láàárín ojú bíṣọ́ọ̀bù. Lójú oníṣòwò, ìdọ̀tí ni. Lójú mi, kò sí aṣọ àdìrẹ tó lẹ́wà jù ú lọ, àwọn ọmọ náà sì ń já a mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni bàbá náà wo ọ̀tún wo òsì, ó ṣílẹ̀kùn yàrá kékeré kan. Pósítà ìdìbò ló kún ibẹ̀ dé àjà. Ìdìbò oṣù Kẹjọ 1983 ni wọ́n tẹ̀ wọ́n fún. Ìjọba sójà ti fòfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn kan nínú àwọn tó gbé iṣẹ́ wá ti sá lọ, àwọn mìíràn wà ní àtìmọ́lé, ta ló sì máa wá gbà á? Ó ní, "Ẹ kó o. Ṣùgbọ́n ẹ gé e kéékèèké, Àǹtí. Ẹ má jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni hàn níbẹ̀ o." Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Lóru ọjọ́ yẹn, èmi àti àbúrò mi jókòó ti fìtílà, a ń gé pósítà ẹgbẹ́ UPN, a ń gé ti NPN. Ní ọjọ́ tí a wá so ṣéènì náà kọ́, ìtùfù ẹgbẹ́ kan wọnú àgbàdò ẹgbẹ́ kejì, wọ́n di ara wọn mú láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ àwọn òbí mọ̀ ọ́n. Mo rí bàbá awakọ̀ kan tó dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó ń fi ojú tọ àwọ̀ àwọn ẹgbẹ́ náà lọ láti òrùka kan dé èkejì, kò sì sọ̀rọ̀ títí tó fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Sítáàsì la fi ń lẹ ìwé. Gọ́ọ̀mù inú ìgò wà ní Yábàá, ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ ò tiẹ̀ wọ́n, mi ò ní rà á, nítorí kò sí bí o ṣe lè ṣọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tó tí kò ní tọ́ ọ wò. Sítáàsì gbáàgúdá, tó bá tọ́ ọ wò, ó tọ́ oúnjẹ wò ni. Mo máa ń fi omi tútù pò ó kí ó má ní kókó, kí n tó da omi tó ń hó lé e, kí n máa rò ó títí funfun rẹ̀ á fi ṣí tí a ó máa rí ìdí abọ́. Bí ó bá ki jù, ìwé á gan, á sì tú bí ó bá ti gbẹ. Bí ó bá ṣàn jù, kò ní mú rárá. Ọyẹ́ Dìsẹ́ńbà ló ń bá wa gbẹ ẹ́: ohun tí ọmọ lẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án á ti le koko ká tó jẹun ọ̀sán. Aáyán ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ṣéènì bá sùn sílẹ̀ mọ́jú, wọ́n á ti jẹ ojú ibi tí a lẹ̀ pátá, nítorí náà orí okùn gíga ni a máa ń fà á kọ́ sí lálaalẹ́.

A ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi gúáfà, a ó gbé abọ́ tánńganran kọ̀ọ̀kan sí àárín ọmọ mẹ́rin mẹ́rin. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ìka kan nínú sítáàsì, ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ ò lè mọ bí òfin yìí ti tóbi tó lójú ọmọ kékeré. Á na ìka kan yẹn sókè, á máa wò ó, á gbàgbé ìwé. Àwọn ọlọ́dún mẹ́ta ò ní sùúrù òrùka, nítorí náà wọ́n á máa fún ìwé ìdánwò pọ̀ di róbótó, a ó fi òwú so ó mọ́ ẹ̀ka gúáfà gbígbẹ tí a rì sínú garawa yanrìn. Igi Kérésì wa nìyẹn. Àwọn ọlọ́dún mẹ́rin ló ń ṣe òrùka. Á fi ìka kan ra sítáàsì sí orí ìwé, á ká a, á tẹ̀ ẹ́, á wá máa kà pẹ̀lú mi: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Tí a bá kà á dé márùn-ún, a ó dì í mú kí ó gbẹ. Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé kí ó ti òrùka kejì bọ inú ti àkọ́kọ́ kí ó tó lẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ lẹ òrùka sọ́tọ̀, òmíràn sọ́tọ̀, á sì máa wò mí pé kí ló dé tí wọn ò dì mọ́ ara wọn. Mi ò ní sọ fún un. Mo máa ń ṣe tèmi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní iwájú rẹ̀. Nígbà tó bá rí i, tí òrùka rẹ̀ bá gbé òrùka mìíràn sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, igbe tó máa ń ké á dé ọ̀dọ̀ Ìyá oníbọ́lì tó wà lójú títì.

Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Nílé, wọ́n ń na ọwọ́ yẹn, torí kí ó má bàa máa fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo jẹ́ kí ó máa fi lẹ ìwé. Ṣéènì tirẹ̀ ló gùn jù nínú iléèwé. Ọmọbìnrin kan sì tún wà tí kò fẹ́ fọwọ́ kan àwọ̀ mìíràn àfi yẹ́lò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣa yẹ́lò jọ fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn, wọ́n á ní, "Ti lágbájá rèé."

Ohun kan wà tí mo kórìíra, mo sì ṣì kórìíra rẹ̀ títí di òní: kí àgbàlagbà jókòó tún iṣẹ́ ọmọdé ṣe. Olùkọ́ mìíràn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ràn kí nǹkan tò, Ọlọ́run bù kún un, ó sì mọ iṣẹ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á fẹ́ já òrùka tó tóbi jù, á fẹ́ fi èyí tó dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí òbí bá dé, ọmọ kì í nàka sí ṣéènì lápapọ̀, òrùka tirẹ̀ gan-an ló ń nàka sí, èyí tó wọ́ lápá kan, tó ní ipa ìka sítáàsì lára, á ní, "Tèmi nìyẹn, Màámi, tèmi nìyẹn." Bí o bá ti já a, kí ni ọmọ náà máa nàka sí? Ìyá ẹlẹ́ja kan wà tí ọmọ rẹ̀ fà lọ sábẹ́ òrùka kan báyìí. Obìnrin náà gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó wá sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ti ń kí oníṣẹ́ ọnà, pé, "O kú iṣẹ́ o, bàbá mi."

Lọ́dún 1984 yẹn, Mọ́lúdì, àjọ̀dún ìbí Ànábì, bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ Dìsẹ́ńbà. Ilé kéwú kan wà lẹ́yìn ọgbà wa, ògiri kan ló pín wa níyà. Áfà ilé kéwú náà yọjú sí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí àwọn ọmọ lórí ẹní, ó rí ṣéènì tó ti kọ́ kiri.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Àǹtí. Ìgbà wo lẹ fẹ́ lò ó?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ kejì sí àkókò yìí, sà."

"Àwọn ọmọ tiwa náà mà wà nínú àwọn tó ṣe é. Ẹ yá wa lò fún Mọ́lúdì, a ó dá a padà kó tó dọjọ́ yín."

Ìyá àgbà ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ọjọ́ Mọ́lúdì, ṣéènì jẹ́lé-ó-sinmi ló wà lókè orí àwọn ọmọ kéwú níbi tí wọ́n ti ń ka ohun tí wọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ó ti gùn sí i. Àwọn ọmọ ilé kéwú ti so àwọ̀ ewé àti funfun tiwọn mọ́ ọn nídìí, a sì gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀ fún eré Kérésì, a ò yọ ọ̀kan kúrò. Oṣù ojú ọ̀run ni Mọ́lúdì ń tẹ̀ lé, ó máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ní 1985 ó ti bọ́ sí òpin oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn ìyẹn ó jìnnà sí Kérésì. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ògiri kejì ò yéé wá. Bí wọ́n bá ti rí i pé a tẹ́ ẹní, wọ́n á yọ orí.

Àwọn ọmọkùnrin ńlá àdúgbò ní tiwọn, ilé Kérésì ni wọ́n ń kọ́. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, lẹ́bàá ọ̀nà, òpó igi mẹ́rin àti ẹnu ọ̀nà kan tí àgbà gbọ́dọ̀ tẹríba kó tó wọ̀. Àwọn ará Ìlàjẹ létí ọ̀sà ló ń bá wọn fi ọkọ̀ gbé imọ̀ ọ̀pẹ wá láti ìkangun omi, nígbà tí afárá Third Mainland ò tíì parí. Ọdún 1990 ni Babangida tó ṣí i, àwa ará Bàrígà ti fi ojú wa rí bí òpó rẹ̀ ṣe ń jáde láti inú omi. Bí ilé Kérésì bá dúró, wọ́n á wá bẹ̀ wá fún ṣéènì. Wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, ojú sì ń tì wọ́n láti wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń wọ báńtẹ́. A máa ń fún wọn. Alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n á tan àbẹ́là sínú agolo mílíìkì tí wọ́n ti fi ìṣó lu, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú ihò yẹn jáde sára imọ̀ ọ̀pẹ, rédíò ẹnì kan á máa kọrin, NEPA ì báà mú iná lọ kó má dá a padà.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo gbọ́ nípa ohun tí wọ́n ń ṣe ní Banjul ní Gáḿbíà àti ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà. Wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwé gígé kan ọkọ̀ ojú omi ńlá, wọ́n á tan iná sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e kiri ìgboro ní àkókò Kérésì. Fanal ni wọ́n ń pè é. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nílùú méjèèjì. Inú mi dùn dé ọkàn nígbà tí mo gbọ́ ọ, torí ó yé mi pé kì í ṣe Bàrígà nìkan ni ìwé gígé ti kó ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ ìmàle jọ sídìí iṣẹ́ kan.

Ìràwọ̀ la fi ń parí gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo ń fi ìgbálẹ̀ àti òwú dì í ní igun márùn-ún, àwọn ọlọ́dún márùn-ún ló ń fi ìwé fàdákà inú páálí sìgá bò ó. Mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan lọ ṣa páálí nílẹ̀. Àwọn awakọ̀ Onípàánù ló ń tọ́jú ìwé náà fún wa, wọ́n á ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú pátákó dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fún ọmọ wọn mú wá láàárọ̀. Ọmọ á fi ẹ̀yìn èékánná yọ gbogbo ìhunjọ ara rẹ̀ títí á fi máa dán. Iṣẹ́ sùúrù ni, mo sì rí i pé ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ á jókòó sídìí rẹ̀. Ìdérí ìgò mínírà la fi ń ṣe aago. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn á fi òkúta lù ú pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ìṣó lu ojú rẹ̀, a ó sín in sókùn lójú fèrèsé, ọyẹ́ á sì máa lù ú jálẹ̀ ọjọ́.

Ọdún 1986 ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé, náírà wálẹ̀, ìwé gbówó lórí ju bí àwọn atẹ̀wé ti rò lọ. Iléeṣẹ́ ìwé tó wà ní Jẹ́bà ń ṣe ìwé pákó, aláwọ̀ ilẹ̀, irú tí wọ́n fi ń rán àpò sìmẹ́ǹtì. Ti Ìwópin, tí wọ́n ní kó máa ṣe ìwé funfun, kò tíì so èso. Àgékù tí wọ́n ń dáná sun tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń wọ̀n tà. Mi ò bá wọn jà, ẹ̀tọ́ wọn ni, ọmọ wà nílé tiwọn náà. Àpò sìmẹ́ǹtì la bẹ̀rẹ̀ sí í lò. Àwọn bíríkìlà ló ń fún wa, a ó gbọ̀n ọ́n nù dáadáa, a ó bọ́ ìpele tó wà nínú lọ́hùn-ún tó ní sìmẹ́ǹtì lára, a ó lo ìyókù. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kò wu ọmọ. Ìyá àgbà ló mú ẹfun àti osùn jáde láti inú àpótí wọn, èmi mú búlúù ìfọṣọ wá. A fi omi po ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìdérí, àwọn ọmọ fi ìka tò ó sára ìwé kí a tó gé e: ẹfun ní tótó, osùn ní ìlà, búlúù níbi tó bá wù wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí a fi ọwọ́ ṣe ní iléèwé yẹn, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Funfun ẹfun lórí àwọ̀ ilẹ̀ yẹn rẹwà ju góòlù etí káàdì lọ. Ó ṣe mí láàánú pé wàhálà ló mú wa débẹ̀, àmọ́ mi ò lè sọ pé kò lẹ́wà.

Àwọn ọmọ yẹn ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ẹ̀rọ ṣì ń dún ní Shipeolu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣètò iṣẹ́, tí bánà fulẹ́ẹ̀sì sì ti gba iṣẹ́ pósítà. Ohun ọ̀ṣọ́ onírọ́bà ti Ṣáínà kún Ìdúmọ̀tà dé ojú títì, ó sì rọrùn láti rà. Bí mo bá rí iléèwé tó ti rà á kọ́ tán kí àwọn ọmọ tó dé láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó máa ń dùn mí, torí mo mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí. Lẹ́yìn ọdún SAP, òbí kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé fi igi Kérésì ta iléèwé lọ́rẹ, igi onírọ́bà tó ga, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù dígí àti iná tó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀bùn ńlá ni, gbogbo wa ló dúpẹ́. A gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, torí dígí ni bọ́ọ̀lù rẹ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ tò síwájú rẹ̀, wọ́n wòkè, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin kan wá yíjú sí mi.

"Àǹtí, ó rẹwà. Ìgbà wo la máa ṣe tiwa?"

Ìyá àgbà wo ọmọ náà, wọ́n wo igi orí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì wọlé lọ mú owó wá. Owó àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún mi fún iṣẹ́ yìí nìyẹn. Mo mú àpò ìrẹsì, ó di Shipeolu. Bàbá atẹ̀wé wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ti hewú díẹ̀. Ó gba ìdajì owó náà, ó wọn àgékù kún àpò àkọ́kọ́, ó wá bi mí bóyá àwọn ọmọ ṣì ń gba ìwé ìdánwò. Mo ní wọ́n ń gbà á, kódà èyí tí íǹkì dà sí lára. Ó kún àpò kejì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì bá mi gbé e dé ojú títì.